Imú Mi Ni Mo Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Òórùn ni ó kọ́kọ́ fà mí mọ́ ẹ̀ka kẹ́mísírì tí mo fi ń jẹun lónìí. Ní ọdún kìíní mi ní Ilé-Ifẹ̀, olùkọ́ wa ṣí ìdérí ìgò kékeré kan níwájú kíláàsì, ó ní kí a fi àtẹ́lẹwọ́ rọra fẹ́ atẹ́gùn orí rẹ̀ wá sí imú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki imú bọ ẹnu ìgò. Mo ti rò pé yóò ta mí nímú bíi ti ásíìdì, ṣùgbọ́n ó dùn, ó sì jọ òórùn tí ó máa ń wà nínú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Toluene, omi kan tí wọ́n máa ń fi po ọ̀dà, ni ó wà nínú ìgò náà. Olùkọ́ wa ṣàlàyé pé irú òórùn yìí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ àtijọ́ pe gbogbo ẹbí tí toluene wà nínú rẹ̀ ní aromatic, ìyẹn olóòórùn dídùn, àti pé orúkọ lásán ni ó kù báyìí, nítorí pé àwọn kan nínú wọn kò ní òórùn, àwọn mìíràn ń rùn, májèlé sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí imú fẹ́ràn. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó gbọ́ ìdajì kejì, ara mi ni mo sì fi gbọ́ ọ. Mo ń kọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wọ lábù lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, àti fún ẹni tí ó ń po tínà ní ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ kò pa mí lára, ojú ni ó tì mí. Wọ́n to ìgò mẹ́ta síwájú wa láìkọ nǹkan kan sí wọn lára, wọ́n ní kí a sọ èyí tí ó ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì, ìyẹn ibi tí kábọ́ọ̀nù méjì ti fi ọwọ́ méjì-méjì di ara wọn mú. Ọ̀nà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni pé kí a da omi bromine sí i, kí a mì ín; bí àwọ̀ rẹ̀ tí ó pọ́n bí ọsàn bá parẹ́, ìdè náà wà níbẹ̀. Mo gbé ìgò kejì sí imú, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé benzene ni, nítorí pé nígbà náà a ṣì ń lò ó fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìwé, àwòrán benzene jẹ́ òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tí ó ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì mẹ́ta. Nítorí náà, kí n tó da bromine sí i rárá ni mo ti mọ ohun tí mo máa rí. Mo mi túùbù dígí náà, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ kedere, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé àwọ̀ ti parẹ́.

Bàbá tí ó ń tọ́jú lábù wa, ẹni tí kò ní oyè dókítà ṣùgbọ́n tí àwọn dókítà máa ń wá bi léèrè ọ̀rọ̀, ń kọjá lẹ́yìn mi. Wọ́n mú túùbù náà, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, àwọ̀ tí o ní ó parẹ́, kí wá ni èyí?” Wọ́n fi ìka sí òkè túùbù. Benzene fúyẹ́ ju omi lọ, ó ti léfòó bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi ọbẹ̀, gbogbo bromine inú omi sì ti gòkè lọ bá a, ó pọ́n rẹ́rẹ́ níbẹ̀. Àwọ̀ kò parẹ́, ilé kan ni ó ti kó lọ sí òmíràn. Ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀, n kò kọ ohun tí ó wà níwájú mi.

Kì í ṣe èmi nìkan ni òrùka yìí ti rú lójú. Michael Faraday ni ó yọ benzene jáde ní 1825 nínú òróró tí ó ṣẹ́kù láti inú gáàsì tí wọ́n fi ń tan fìtílà ní London, ṣùgbọ́n ó di 1865 kí August Kekulé, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, tó dábàá pé àwọn kábọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ọwọ́ ara wọn mú yípo bí àwọn ọmọdé tí ń ṣeré òṣùpá. Ní 1929, Kathleen Lonsdale fi ìtànṣán X fi hàn, nínú ọ̀kan lára àwọn ọmọ benzene, pé òrùka náà tẹ́ pẹrẹsẹ, àti pé ìdè kan kò gùn ju èkejì lọ. Kò sí ìdè onílọ̀ọ́po méjì tí ó dá dúró níbẹ̀ rárá. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà ni gbogbo wọn jọ ni ín, bí oko ẹbí tí a kò pín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìpín kan níbẹ̀ yóò bá gbogbo ẹbí jà. Bí a bá fi háídírójìn kún cyclohexene, òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tí ìdè onílọ̀ọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, nǹkan bí 120 kJ (kilojoule) ooru ni yóò jáde fún mole kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye nǹkan nínú kẹ́mísírì. Ènìyàn á wá retí 360 láti ọ̀dọ̀ benzene, àmọ́ 208 péré ni ó ń mú wá. Ìyàtọ̀ 152 náà ni èrè ìrẹ́pọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí bromine kò fi lè wọlé àfi bí a bá fi irin ràn án lọ́wọ́, nígbà tí ó bá sì wọlé, háídírójìn kan ni yóò lé jáde kí ó tó jókòó sí ipò rẹ̀, òrùka kò ní já.

Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ di ti ara. Nitrobenzene ni a fẹ́ ṣe. A ó po ásíìdì sọ́fúríìkì àti ásíìdì náítíríìkì tí wọ́n lágbára pọ̀, a ó tù ú, a ó wá máa kán benzene sí i díẹ̀díẹ̀, tẹ̀mómítà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 55 °C. Ásíìdì sọ́fúríìkì kì í ṣe òǹwòran níbẹ̀. Òun ni ó ń sọ náítíríìkì di NO₂⁺, tí ebi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń pa débi pé ó lè kojú òrùka náà. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, yóò nira fún èkejì láti wọlé, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ ti ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá pọ̀ jù, èkejì náà á ráyè, ohun tí a ó sì ní lọ́wọ́ ni dinitrobenzene.

Iná ọba ti lọ láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ yìnyín lábù kò ṣiṣẹ́. A dá owó jọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí Lágere lọ ra yìnyín nínú ọ̀rá, ìdajì rẹ̀ sì ti di omi kí n tó padà. Agogo mẹ́rin ni wọ́n ń ti lábù. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó lù, yìnyín mi ti tán, benzene mi kò tíì tán, mo bá da gbogbo èyí tí ó kù sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rí i bí tẹ̀mómítà ṣe gun 60 kọjá, ó dé 78, èéfín aláwọ̀ ilẹ̀ ń jáde lẹ́nu ìgò. Ó yẹ kí n pariwo. Ńṣe ni mo dákẹ́, mo ń bẹ Ọlọ́run.

Ìgò kò bú, èéfín náà rọlẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú omi tútù gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ibẹ̀ ni mo ti lo ẹ̀kọ́ bàbá onílábù níbi tí kò yẹ. Mo ti há a sórí pé òróró máa ń léfòó. Nínú ásíìdì tí ó wúwo, nitrobenzene mi léfòó lóòótọ́. Nígbà tí ó dé inú omi, ó rì, nítorí pé nitrobenzene wúwo tó ìlọ́po 1.2 ti omi. Èmi kò wò ó, mo ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìpínyà, ìgò tí a fi ń ya òróró sọ́tọ̀ kúrò lára omi, mo ń da “omi” ìsàlẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí òórùn rẹ̀ lù mí nímú ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ mi ni mò ń dà nù. Mo já garawa náà gbà pẹ̀lú ìkánjú, ó fẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ sì dà sórí bàtà kánfáàsì mi ti ẹsẹ̀ òsì.

Òórùn nitrobenzene jọ ti pólíìṣì bàtà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ní ń fi pólíìṣì pa kánfáàsì. Mo fi bébà nù ún, n kò bọ́ ọ, nítorí pé n kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé. Láàárín ìdajì wákàtí, n kò gbọ́ òórùn náà mọ́, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti gbẹ. Kò gbẹ. Imú ni ó ti rẹ̀. Imú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tí ó bá ti ń gbóòórùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò dákẹ́ nípa rẹ̀, bí ẹni tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kì í ti í gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Lálẹ́, mo lọ bá wọn mu ẹmu níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ kan, mo ṣì wọ bàtà náà.

Orí kọ́kọ́ ń fọ́ mi, mo dá ẹmu lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, èémí mi ń kúrú bí ẹni tí ó sáré gun òkè. Ọ̀rẹ́ mi fà mí sábẹ́ gílóòbù, ó ní, “Kí ló dé tí ètè rẹ dúdú bí ẹni mu aró?” Èékánná mi náà ti ṣú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí mi nímú, ẹ̀rọ tí wọ́n há mọ́ ìka mi láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ sì dúró sórí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, kò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà dúdú bíi tíì kòkó. Dókítà obìnrin kan tí kò lè ju ẹ̀gbọ́n mi lọ bi mí pé kí ni mo fọwọ́ kàn lónìí. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà mi sínú ọ̀rá, kí ó dì í lẹ́nu pa, kí wọ́n sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ẹsẹ̀ mi títí dé orúnkún.

Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi lọ́jọ́ kejì ni mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Nitrobenzene ń gba ara wọlé láìsí ọgbẹ́. Nínú ara, ó ń yí irin inú ẹ̀jẹ̀ padà sí irú èyí tí kò lè gbé ọ́síjìn, tí wọ́n ń pè ní methaemoglobin, kì í sì í fi ara hàn lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mélòó kan lè kọjá. Ọtí máa ń mú un burú sí i. Oògùn tí wọ́n fún mi lójú iṣan ni methylene blue, kí wọ́n tó fún mi ni wọ́n sì bi mí léèrè bóyá mo mọ ipò G6PD mi, èròjà kan tí ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, tàbí bóyá ìtọ̀ mi ti dúdú rí lẹ́yìn tí mo lo oògùn kan, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí èròjà náà kò tó lára rẹ̀ lè fọ́ bí wọ́n bá fún un. N kò gbọ́ orúkọ G6PD rí nígbà náà. Oògùn náà ṣiṣẹ́ kí wákàtí kan tó pé, ìtọ̀ mi ní òwúrọ̀ sì jọ omi ewé. Aró ni methylene blue fúnra rẹ̀, ọmọ òrùka kan náà, tí Heinrich Caro ṣe ní Jámánì ní 1876 láti fi pa aṣọ láró. Aró ni ó gbà mí lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀.

Ìgbà tí mo wà lórí ibùsùn ni mo tó ronú nípa ibi tí nitrobenzene ń lọ ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ láyé ni wọ́n ń sọ di aniline, aniline sì ni ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn irú fóòmù kan. Láti ara aniline ni William Perkin, ọmọ ọdún 18, ti rí aró aláwọ̀ elése àlùkò ní 1856, nígbà tí ó ń wá kuníìnì, oògùn ibà. Ìyá àgbà mi ní Iléṣà fi èlú ṣe aró títí wọ́n fi darúgbó. Ohun aláwọ̀ búlúù inú èlú náà ní òrùka benzene nínú, òun náà sì ni ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1897 láìlo ewé kankan. Ìyá àgbà a máa gbọ́ òórùn ìkòkò aró kí wọ́n tó sọ pé ó ti jẹ. Mo máa ń rò pé àwọn ni mo fi jọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà ni imú wọn ti mọ̀ fún ogójì ọdún, èmi sì ń fi tèmi mú ìgò tí n kò mọ ẹni tí ó rọ ọ́.

Bí mo ṣe parí ẹ̀kọ́, mo rí iṣẹ́ ní Iléṣà, ní ibi kékeré kan tí wọ́n ti ń po tínà àti fáníìṣì fún àwọn káfíńtà. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Òṣómàáló tòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ra àgbá kan tí owó rẹ̀ kéré, ẹni tí ó tà á ní toluene ni. Wọ́n pè mí, “Kẹ́mísírì, wá gbọ́ òórùn rẹ̀ wò.” Mo gbọ́ ọ, mo ní, “Toluene ni, sà.” Ẹni tí bàtà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ni ó tún sọ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni a fi lo àgbá náà àti méjì tí ó tẹ̀ lé e. A ń fi í fọ ọwọ́ nírọ̀lẹ́ nítorí pé ó ń yọ ọ̀dà kíákíá, àtẹ́lẹwọ́ mi funfun, ó sì sán. Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò; ó wú, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, nítorí pé irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ kò lè dá toluene tàbí benzene dúró. Àwọn káfíńtà ni ó là mí lójú. Nígbà òjò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá tínà padà pé fáníìṣì ń funfun lórí igi bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Mo mọ ohun tí ó lè fa ìyẹn: bí tínà bá ń yára fẹ́ lọ jù, ojú igi á tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì sórí rẹ̀. Toluene ń hó ní 111 °C, benzene ní 80. Nǹkan tí ó wà nínú àgbá wa ń fẹ́ lọ ju bí toluene ṣe ń ṣe lọ.

Ọmọ iṣẹ́ kan ní kí a gbé díẹ̀ sínú fíríìsà ìyá tí ń ta omi tútù. Mo dúpẹ́ pé n kò gbà. Benzene ń fún afẹ́fẹ́ ní ohun tí iná lè ràn kódà ní 11 °C nísàlẹ̀ òdo, ìṣáná díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ fíríìsà sì tó láti gbé ilé lọ. Mo ra yìnyín, mo fọ́ ọ mọ́ iyọ̀ nínú abọ́ ní gbangba ìta, mo sì ki túùbù kékeré kan tí mo dé lẹ́nu bọ inú rẹ̀. Toluene kì í dì àfi ní nǹkan bí 95 °C nísàlẹ̀ òdo. Benzene tí ó mọ́ ń dì ní 5.5. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ohun inú túùbù náà fi di funfun, ó le. Mo jókòó sórí àgbá tí mo ti jẹ́rìí sí. (Bí kò bá dì, ìyẹn kò dá a láre o, nítorí pé benzene tí wọ́n pò mọ́ toluene lè má dì nínú yìnyín oníyọ̀.)

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn rẹ̀ lọ. Kábọ́ọ̀nù tí ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ toluene ni ẹ̀dọ̀ wa ń dì mú, tí ó ń sọ di ásíìdì tí a ń tọ̀ jáde. Benzene kò ní ibi tí a ti lè dì í mú. Òrùka fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ṣí, ohun tí ó sì ń jáde nígbà náà ni ó ń ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́, tí ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Èyí kò sọ toluene di omi mímu, ọpọlọ ni òun ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí benzene inú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ ju apá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ ní ìpíndọ́gba wákàtí mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti máa ń kọjá iye yìí kí imú ènìyàn tó gbọ́ ọ.

Ọ̀gá dábàá pé kí a sè é lórí iná èédú, kí a fi ooru ya benzene sọ́tọ̀. Mo sọ fún wọn nípa Charles Mansfield, ẹni tí ó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń yọ benzene nínú ọ̀dà èédú, tí ìkòkò tí ó ń sè gbiná mọ́ lọ́wọ́ ní 1855, tí iná náà sì pa á. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Àwọn àgbá tó kù ńkọ́?” Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun tèmi lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sípò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo ṣì ń ṣe àyẹ̀wò náà lọ́dọọdún. N kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Mo rò pé mo ti fi ẹbí náà sílẹ̀ sí ibi iṣẹ́, àfi ìgbà tí ìyàwó mi bí ọmọkùnrin. Ìyá ìyàwó mi wá tọ́jú ìkókó, wọ́n gbé àpótí aṣọ tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ dání, kánfọ̀ funfun sì wà láàárín gbogbo aṣọ náà. Èyí tí a ń pè ní kánfọ̀ lọ́jà jẹ́ naphthalene, òrùka benzene méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Láti líle ni ó ti ń di afẹ́fẹ́ tààrà, ó sì ń wọ inú òwú lọ jókòó. Lára ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀, kí ojú ọmọ pọ́n, kí ọ̀rọ̀ náà sì dé ọpọlọ. Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó náà. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ọkùnrin kan wà nínú ẹbí yín tí ó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nígbà tí wọ́n bí i?” Wọ́n ní, “Àbúrò mi àgbẹ̀yìn ni. Díẹ̀ ló kù kí ó bọ́ lọ́wọ́ wa.”

Mo kó kánfọ̀ jáde, a fi ọṣẹ fọ gbogbo aṣọ náà, a sì sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá ká ẹ̀wù kékeré kan lórí okùn, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n ní, “Bàbá ìkókó, kò rùn mọ́.”

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí a tún un fọ̀, Màmá.”